Omi Àkọ́rọ̀ Tí A Kò Wọ̀n

Kí n tó mọ aago wò ni mo ti mọ aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlẹ̀kùn àpótí funfun tí wọ́n kó ohun èlò ojú ọjọ́ sí láàárín àgbàlá wa ló fi ń hàn mí, torí ó máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí ó bá ti ké báyìí, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó, á ní, "Jeremáyà ti bẹ̀rẹ̀." Màmá mi á máa yan gàrí rẹ̀ lọ lẹ́yìn ilé. Igbá tó fi ń ro gàrí nínú agbada la óò máa gbọ́, ó ń ha, ó ń ha, èéfín á sì máa rá wọ inú ilé. Bí ó bá ti parí nídìí àpótí, Jeremáyà, ìyẹn Bàbá mi, yóò lọ sídìí ohun èlò òjò, àgbá kékeré tí wọ́n fi bàbà ṣe, tó ní àrọ lẹ́nu àti ìgò nínú. A óò gbọ́ tí ìgò náà kan bàbà, a óò gbọ́ tí omi ń dà sínú gíláàsì gígùn tó ní ìlà lára. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ á pa. Bàbá ń kọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi de bírò rẹ̀ lórí. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí Bàbá mi ti kú, nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo sì ṣì máa ń dákẹ́ ní aago mẹ́wàá bí ẹni pé ó ń kọ̀wé nínú yàrá kejì.

Kì í ṣe akọ̀wé. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ajílété, ìwé mẹ́fà ló sì kà, bí èmi náà. Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ wá sí Ìlaròó, tí wọ́n ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí igi kò bò, àti ẹni tí kì í rin ìrìn àjò. Wọ́n rí àgbàlá wa, wọ́n rí Bàbá mi. Igi ìbẹ́pẹ méjì ni Màmá mi ní níbẹ̀ nígbà náà, tó ń so dáadáa. Wọ́n ní ewé wọn yóò dí òjò lọ́nà, Bàbá mi sì gé wọn lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dàgbà bá ọ̀rọ̀ igi yẹn nínú ilé ni. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, tí Bàbá bá sọ̀rọ̀, Màmá mi á ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹni tó gé oúnjẹ mi kí òjò lè rọ́nà gbà, ṣé ó tún lè fẹ́nu kan ọbẹ̀ mi ni?" Èmi ni Àyọ̀ká. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ro koríko yí bàbà òjò ká, kí n má sì jẹ́ kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ohun èlò kan nínú àpótí náà gbẹ. Kò sí ohun tí a gbọdọ̀ sá sí ibẹ̀, ìbáà ṣe aṣọ ìlédìí. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Nínú gbogbo àgbàlá wa, ibẹ̀ nìkan ni ojú ọ̀run ti rí ilẹ̀ láìsí òrùlé, láìsí ẹ̀ka, láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Bàbá Lámídì, aránṣọ tó ń gbé ní ìkejì ilé wa, kò jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láì fi Bàbá mi ṣẹ̀fẹ̀. Á na ọrùn lórí ọgbà, á ní, "Jeremáyà, o ti ka tòní? Ṣé ó pé?" Bàbá mi á ní ó pé. "Bí ó bá wá dín ńkọ́, ta lo fẹ́ mú?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lórí ìwé náà gan-an kì í ṣeré. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹjú mọ́ gíláàsì, kí ojú àti omi dọ́gba. Ó kọ́ mi pé a kì í fi rọ́bà pa nǹkan tí a ti kọ rẹ́, ìlà kan la ń fà sí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe wa. Ohun tó sì máa ń tẹnu mọ́ jù lọ nìyí: "Àyọ̀ká, òdo àti àyè òfìfo kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí o bá kọ òdo, ohun tí o sọ ni pé o wá, o wò, omi kò sí. Bí o bá fi àyè sílẹ̀, o sọ pé o kò wò. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o kò bá wò, tí o wá kọ nǹkan, o ti parọ́ mọ́ òjò, òjò kò sì ní ẹnu tó máa fi sọ tirẹ̀." Mo bi í pé ta ló máa ka gbogbo ìwé yìí. Ó ní, "A kò tíì bí i." Mo rò pé àwàdà ni nígbà náà.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ ni ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa máa rò pé bọ́dà ni òpin ilẹ̀. Fún wa, ọ̀nà ilé Ẹ̀gbọ́n Mùnírátù ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, Pobè ní òdìkejì bọ́dà ló fẹ́ ọkọ sí, a sì máa ń lọ bọ̀ bí ẹni ń lọ odò. Gàrí Màmá mi ń gba Owódé kọjá lọ sọ́hùn-ún, epo àti aṣọ ń bọ̀ níhìn-ín. Lọ́jọ́ kan ṣáá ni ṣọ́jà gba ojú ọ̀nà. Gàrí kún yàrá wa dé àjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. A ń mu ún lówùúrọ̀, a ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà lọ́sàn-án, àwọn tí wọ́n sì ń rà á kò wá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní ọmọlúwàbí ládùúgbò kó sí fàyàwọ́. Gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ti sọ, ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, ojú fèrèsé ni yóò gbà. Òjò náà kò wá. Oṣù tó yẹ kó rọ̀ kọjá, àgbàdo tí Bàbá mi gbìn jóná sínú ebè. Bàbá Lámídì ní ṣọ́jà ti dá òjò dúró ní Owódé, wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀ wò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Délé àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é, ìyẹn tí egungun á máa ro ọmọ bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú láti inú. Kò lè sáré, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àpótí ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí fún un láàárọ̀. Òun ni ẹni kan ṣoṣo tó lè bá Bàbá sọ̀rọ̀ kí ó tó de bírò. "Bàbá, mélòó lónìí?" Bàbá á ní, "Òdo." Délé á rò ó, á ní, "Ṣé òdo tòní tóbi ju tàná lọ?" Bàbá mi á yí ìwé sí i kó rí i, òdo lábẹ́ òdo, bí ẹyin adìẹ tí wọ́n tò, Délé á sì fi ìka kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Pobè ni oògùn rẹ̀ ti ń wá. Ìyá nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó mọ ara rẹ̀ láti kékeré, Ẹ̀gbọ́n Mùnírátù á gbà á, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà, kò sẹ́ni tó bọ̀. Ní Ìlaròó, wọ́n fún wa ní oògùn ibà, wọ́n ní ká máa fún un lómi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Màmá mi da ìgò oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ẹyọ méjì ló jáde. Ó na ọwọ́ náà sí Bàbá mi ni. Bàbá mi, ẹni tí kì í rin ìrìn àjò, wo ẹyọ méjì náà, ó wo àpótí, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tóbi débi pé ó ń yọ́ lọ sí ìgúnpá mi. Ó ní, "Màá gba inú igbó kọjá ní ìdájí ọ̀la, màá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́wàá, Àyọ̀ká. Kí o wò, kí o kọ. Bí o kò bá wò ńkọ́?" Mo ní, "Kí n fi àyè sílẹ̀, Bàbá." Ó ní ó dára. Tíṣà Fálọlá gbà kí n máa sáré wálé ní àkókò ìsinmi. Ó ní, "Ó dáa kí ẹnì kan nínú kíláàsì yìí ní ohun tó ń ṣe." Mo kọ òdo lọ́jọ́ Ajé. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá kò dé. Mo kọ ọ́ ní Ọjọ́rú. Oògùn ti tán, Délé kò lè jókòó mọ́, kò sì béèrè mélòó.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni òjò dé. Ó fi ìjì ṣáájú, ó da àwọn abọ́ tí Ìyá Àgbà gbé síta nù, ó wá rọ̀ bí ẹni tó pẹ́ tó ń di í mọ́nú. Àwọn ènìyàn ń yọ̀ ní ilé kejì, ilé kẹta. Nínú yàrá wa, Délé ń ké pé kí wọ́n bá òun yọ ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ ti mọ́ gan-an. Ní ilé wa, omi àkọ́rọ̀ kì í ṣe omi lásán. Bí òjò àkọ́kọ́ ọdún bá rọ̀, tí a rí èyí tí kò kan òrùlé, tí kò kan ewé, tí kò kan ilẹ̀, ọmọ tí ara ń ro la fi ń fún. Ìyá Àgbà jáde, ó rí abọ́ rẹ̀ tó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wo àyíká, ojú rẹ̀ wá dúró lórí bàbà òjò.

"Àyọ̀ká," ó ní, "yọ ìgò yẹn wá."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná. Kò ní pẹ́. Màá dà á sínú gíláàsì, màá kọ ọ́, màá gbé e wá."

"Kí o ṣe kí ni? Kí o wọ̀n ọ́n?" Kò pariwo. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé a máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? A kì í wọn omi àkọ́rọ̀. Bí o bá ti wọ̀n ọ́n, ó ti di omi ìjọba. Bàbá rẹ tó ń wọn òjò kiri yìí, èyí tí a kò wọ̀n ni mo fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n ti ní kí n máa sunkún. Òun ló fi wà láàyè tó bí ọ."

Mo wo ojú Màmá mi. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé orí Délé lé itan. Ó ní, "Yọ ọ́, Àyọ̀ká." Mo bá gbé àrọ kúrò, mo yọ ìgò. Ó wúwo. Mo rántí pé mo gbé e sókè mo wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò yẹn kò ní ìlà, gíláàsì ló ní in, gíláàsì sì wà nínú ilé níbi tí Bàbá gbé e sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Mo ti rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn nínú ọkàn mi láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà. N kò rìn ín. Ìyá Àgbà gbé ìgò sí Délé lẹ́nu, ó ń sọ orúkọ rẹ̀, ó ń sọ orúkọ àwọn tí wọ́n bí àwọn tó bí i. Délé mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń mu. Ó mu ún tán. Ó ní, "Ó tutù." Ẹkún rẹ̀ sì dá, Màmá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní aago mẹ́wàá, mo ṣí ìwé. Ojú ìlà Ọjọ́bọ̀ ń wò mí. Òjò àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ayé ń retí, èyí tí Bàbá máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí bí ìgò ṣe wúwo tó, mo kọ mìlímítà méjìlélógún. Délé kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń bọ̀ láti ilé ìwé, a ń gbọ́ orin wọn lójú ọ̀nà.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá Lámídì ló gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì rọ̀ nítorí òjò. Ní aago mẹ́wàá, mo lọ wo bàbà, mo kọ òdo, torí mo wò, kò sí. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá mi wọlé. Ètè rẹ̀ wú. Ṣọ́jà ti mú un nínú igbó lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi í síbi tí wọ́n pàgọ́ sí, wọ́n ní kó máa ṣán koríko, wọ́n ní fàyàwọ́ ni. Ó sọ fún wọn pé òjò ni òun ń wọ̀n, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó dáa, ìgbà wo ló máa rọ̀?" Ó ní òun kò mọ ìyẹn, èyí tó ti rọ̀ nìkan lòun mọ̀. Wọ́n gbá a lẹ́nu. Nígbà tí òjò Ọjọ́bọ̀ rọ̀, wọ́n sá wọ abẹ́ tapólì, ó sì gba ibẹ̀ sá lọ sí Pobè. Ó sọ gbogbo èyí fún wa lórí ìdúró, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, ó fẹ́ yọ oògùn tó fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, kò tíì rí ojú Màmá mi. Ìyá Àgbà ló sọ fún un. Ó di oògùn náà mọ́wọ́, ó jókòó sórí ẹní Délé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kò sì dìde títí a fi tan iná alẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlẹ̀kùn àpótí ké ní aago mẹ́wàá. Mo wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ tọjọ́ náà, ó wá gbé ìka rẹ̀ lọ sókè, Àbámẹ́ta, Ẹtì, ó dúró ní Ọjọ́bọ̀.

"Àyọ̀ká, ìwọ lo wọn èyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Méjìlélógún géérégé? Kò lé, kò dín?" Ó yí ìwé padà sẹ́yìn, ó fi ọdún mìíràn hàn mí. Kò sí òjò ńlá kan tí kò ní ìdá díẹ̀ lẹ́yìn. "Òjò kì í rọ̀ báyìí, ọmọ mi."

Màmá mi ní láti inú ilé, "Ẹ má bi ọmọ yẹn ní nǹkan kan." Ìyá Àgbà sì jáde, ó di ara ògiri mú, ó ní, "Délé ló mu ún, Jeremáyà. Èmi ni mo ní kó má wọ̀n ọ́n."

Mo rò pé yóò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. Ó ní, "Omi tí ọmọ mi mu gbẹ̀yìn. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ mọ̀." Ó gbé bírò, ó fa ìlà kan ṣoṣo sórí méjìlélógún náà, ìlà náà tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó de bírò lórí. Kò bi mí lọ́rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà kò gbé abọ́ síta mọ́ fún òjò àkọ́kọ́ kankan. Ọdún méjì péré ló lò lẹ́yìn Délé. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà padà, Ẹ̀gbọ́n Mùnírátù wá, ó gbé oògùn tó ti kó jọ wá nínú ike, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mo ti di arúgbó nínú àgbàlá kan náà. Nígbà tí ojú Bàbá mi ti ń ṣú, èmi ni mo ń wò, òun ló ń kọ ohun tí mo bá pè, mo sì mọ̀ pé ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Ẹ̀san mi nìyẹn, mo gbà á. Eruku ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì kọjá ti sọ àpótí funfun di eléérú, èmi ni mo ń nù ún. Bàbá Lámídì ti lọ, Tíṣà Fálọlá ti lọ, Màmá mi ti lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá ni ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì, Bùsáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó kéré sí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn. Ó ní àwọn fẹ́ mọ bí òjò ṣe ń yí padà láti ìgbà pípẹ́ wá, pé ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ níbì kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró ṣọ̀wọ́n. Mo wò ó, mo sọ nínú ara mi pé, ìwọ rè é, ẹni tí a kò tíì bí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń tẹ òǹkà wọlé fún ọjọ́ mélòó kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pè mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí. Àyè òfìfo kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, òjò àkọ́kọ́ ló sì bọ́ sí. Ọjọ́ yẹn gan-an la nílò jù." Ó fi ìka kàn án. "Ẹnì kan ti kọ méjìlélógún rí, wọ́n fa ìlà sí i, ṣùgbọ́n mo ṣì lè kà á. Ó bá ti àwọn ìlú ìtòsí mu. Ṣé kí n lò ó? Ìwé Bàbá á pé pérépéré."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó dùn mọ́ mi létí. Kí ìwé Bàbá pé. Kí irọ́ mi di òtítọ́ láti ọjọ́ yìí lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ láéláé. Mo wo ìlà tó tọ́ yẹn.

"Má lò ó," mo ní. "Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

Kò bi mí ní ìdí. Ó ní kò burú, pé àwọn á fi àyè náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń béèrè ohun tó fà á. Ó ka àwọn ìdí tó wà níbẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohun èlò bàjẹ́. Ẹni tó ń wò ó kò sí nílé. Ìwé sọnù. Èwo ni kí n mú nínú wọn, Màmá?"

Mo ní kò sí níbẹ̀. Ohun èlò kò bàjẹ́. Mo wà nílé.

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Kọ ọ́ pé ọmọ kan mu ún."